Èèpo Ẹyin Tó Ti Etíkun Wá

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa ní Ọ̀fà gbọ́n débi pé ohun tí òun ò bá fojú ara rẹ̀ rí, kò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Nígbà tó gbọ́ pé mo kọ́ kíláàsì mi ní Jọ́gíráfì pé òkun ti bo apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá rí, pé ẹja ńláńlá ń lúwẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gbin gbágùúdá lónìí, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá fẹnu ara mi sọ fáwọn ọmọ lórí laini àárọ̀ pé irọ́ ni mo kọ́ wọn.

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Mo ní òkúta kan nílé, tí mo ṣà nígbà tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ́nà etíkun, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ìkarahun ìgbín òkun há sínú rẹ̀, pẹ̀lú ehín ẹja kan tó ṣì mú. Láti ọjọ́ ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti kú, nígbà tí kò tíì sí igbákejì ọ̀gá kankan láyé. Ojú fèrèsé kíṣìnnì ni mo gbé e sí.

Ìyá ọkọ mi, Alhaja, ló ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé wa. Èèpo ẹyin wọn ti ń rọ̀ bí ọ̀rá, àwọn oníbàárà láti Ìjàgbó sì ti ń kùn. Ìkarahun ìgbín tí wọ́n bá gún mọ́ oúnjẹ adìẹ ló ń mú èèpo ẹyin le, ìyẹn ni Alhaja ń tọrọ kiri àdúgbò.

Nígbà tí mo dé láti ibi iṣẹ́ ní Wẹ́sìdeè, òkúta mi ò sí lójú fèrèsé mọ́. Odó wà lágbàlá, inú rẹ̀ funfun kinniwin.

“Ìyàwó mi, o ṣeun o. Mo rí ìkarahun tó o bá mi wá. Ó le o! Díẹ̀ ló kù kó fọ́ odó mi.”

“Alhaja, òkúta ni, mà.”

“Òkúta kẹ̀? Ìgbín ni, ó kàn ti gbó ni. Ṣé mi ò mọ ìgbín ni?”

Inú bí mi gan-an. Ẹnì kan ṣoṣo tó gbà pé ìgbín ni, òun náà ló gún un fún adìẹ. Ṣùgbọ́n ta ló bí mi, kí n máa pariwo mọ́ ìyá ọkọ? Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́, mà.”

Ní Mọ́ńdè, ẹyin adìẹ Alhaja tí mo bọ̀ ni mo gbé lọ sílé-ìwé. Igbákejì ọ̀gá mú ọ̀kan, ó gbá a mọ́ tábìlì.

“Ẹyin yìí mà le o! Ẹ̀rí dà, Madam?”

“Òun lẹ ń bó yẹn, sà.”

Gbogbo yàrá olùkọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó jẹ ẹyin rẹ̀ tán, ó kó èèpo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun da ìdọ̀tí yẹn nù tí mo bá ń lọ sórí laini.

Mi ò dà á nù. Mo dì í mọ́wọ́, mo dúró níwájú àwọn ọmọ, mo sì sọ fún wọn pé irọ́ ni mo pa, òkun ò kúrò níbi tó wà rí.