Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ Tí Bàbá Mi Ń Wá

Ilé-iṣẹ́ ìṣó ni bàbá mi, Yẹ̀kínì, lo ayé rẹ̀ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, níbi tí Agége ti ń di Ìkẹjà. Ẹni tí kò bá wọ ibẹ̀ rí kò lè mọ irú ariwo tí mò ń wí. Irin ń já lu irin láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ilẹ̀ ń gbọ̀n, eyín ẹni náà ń gbọ̀n mọ́ ọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í pariwo pe ara wọn, torí kò sí ohun tí ariwo ènìyàn lè ṣe níbẹ̀. Ètè ara wọn ni wọ́n ń wò, wọ́n ń fi ọwọ́ júwe, ọ̀rọ̀ sì ń yé wọn. Bàbá mi a máa fi èyí yangàn. Ó ní òun lè bá Kàsúmù ṣàwàdà láti ìpẹ̀kun ilé-iṣẹ́ kan dé ìkejì láì gbé ohùn sókè.

Ohun tí wọ́n fi ń bo etí wà o. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó wà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá ló wà. Ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ wá wo ilé-iṣẹ́, wọn á pín in fún gbogbo wọn, wọn á ya fọ́tò. Bí mọ́tò àlejò bá ti jáde ní géètì, ẹnì kan á gbé páálí kiri, á gba gbogbo rẹ̀ padà, kó má baà dọ̀tí. Bàbá mi máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ìtàn yìí. Èmi kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Orin ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn jù láyé, lẹ́yìn Ọlọ́run àti ìyá mi. Nígbà tó fi ẹ̀yìn tì, orin nìkan ló kù tó ń ṣe. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Òfin ìjókòó wọn kò le: kí olúkúlùkù mú orin méjì wá, èyí tó ń gbọ́ lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, àti ti àtijọ́ kan tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lórí rẹ̀. Kàsúmù, tí òun àti bàbá mi jọ dúró ti ẹ̀rọ kan náà, fújì ni tirẹ̀. Olúfúnṣọ́, ọmọ Oǹdó, náà ti ilé-iṣẹ́ ìṣó wá. Jùjú ló máa ń mú wá, ṣùgbọ́n ó ń yọ́ orin àwọn ọmọ ìwòyí gbọ́, wọn kì í sì í jẹ́ kó gbádùn lórí rẹ̀.

Ẹnì kẹrin wọn ni Olúgbénró, tí èmi ń pè ní Bàbá Fọláyọ̀. Ará Èkìtì ni, Aláúsá ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ni kò dúró ti ẹ̀rọ rí nínú wọn. Inú ọ́fíìsì ló wà, níbi tí ariwo ibẹ̀ kò ju ti fáànù lọ. Òun náà ló ní àwo orin jù, yàrá kan kún fún un. Ohun kan ni mo mọ̀ mọ ọkùnrin yìí: kì í purọ́, kódà kó fi mú inú ẹni dùn. Bí o bá bi í pé ọbẹ̀ ńkọ́, bí iyọ̀ bá pọ̀, á ní iyọ̀ pọ̀. Ìyá mi bínú sí i lórí rẹ̀ títí ó fi sú u.

Orin àtijọ́ ti bàbá mi kì í yí padà. Àpàlà kan ni, tí olórin kan láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́, Búsàrí Ọmọ-Aláró, kọ nígbà tí bàbá mi ṣì jẹ́ àpọ́n. Láàárín orin náà, Búsàrí á rẹ ohùn sílẹ̀, gbogbo ìlù á dákẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa kù. Á máa dún wẹ́wẹ́wẹ́ bí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. Ibẹ̀ ni ìyá mi fẹ́ràn. Bí orin bá ti dé ibẹ̀, iṣẹ́ yòówù tí ì báà wà lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé agolo ẹ̀wà, á máa mì í tẹ̀ lé e, á máa wo bàbá mi lójú. Ìyá mi ti kú. Agolo náà ṣì wà ní ilé ìdáná, kòkòrò sì ti jẹ ẹ̀wà inú rẹ̀ tán. Bàbá mi kò gbà kí n dà á nù.

Kásẹ́ẹ̀tì orin yìí já ní kété lẹ́yìn tí ìyá mi kú, kò sì sẹ́ni tó ní òmíràn ní gbogbo Agége. Ọdún lọ, ọdún bọ̀, bàbá mi kò gbọ́ ọ. Bàbá Fọláyọ̀ ló wá a. Ó wá a dé Ìbàdàn, ó rí àwo rẹ̀ rà lọ́wọ́ opó kan, ó gbé e lọ sí Kọ̀ǹpútà Fíléèjì ní Ìkẹjà kí wọ́n bá òun kó o sórí mẹ́mọ̀rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é, ó ní kò dára tó, ó ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé Iléyá ló mú un wá fún bàbá mi. Ẹ̀bùn ọdún ni.

Pálọ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà, tí mò ń lọ yúnífọ́ọ̀mù mi, torí òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ ni mo sì máa wọlé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pariwo síra wọn bí ìṣe wọn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe yí sípíkà sókè títí ará ilé kejì fi ti fèrèsé rẹ̀. Orin náà bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti ń débẹ̀," bàbá mi wí, ó gbé ọwọ́ sókè.

Ìlù dákẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ mú un. Ó kún inú ilé. Mo gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ti ń lé sójú mi, torí ṣe ló dà bíi pé ìyá mi wà ní ilé ìdáná. Mo yọjú lójú fèrèsé láti wo bàbá mi. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, ó ń dúró. Nígbà tí ìlù wọlé padà, ó sọ ọwọ́ náà kalẹ̀.

"Gbénró, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ dà?"

"Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wo? Òun ló lọ yẹn."

"Ó lọ síbo? Kàsúmù, ṣé o gbọ́ nǹkan?"

"Mi ò gbọ́ kiní kan o. Orin yẹn kàn dákẹ́ ni."

"Wọ́n ti gé e," Olúfúnṣọ́ wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á yọ ibi kan kúrò kó lè gba inú mẹ́mọ̀rí."

Wọ́n dá a padà, wọ́n tún gbọ́ ọ. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tún dún. Àwọn mẹ́ta tún ní kò dún. Bàbá Fọláyọ̀ ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu yà á.

"Yẹ̀kínì, ó wà níbẹ̀," ó wí. "Etí yín ni. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ẹ gbọ́ o!" Kàsúmù fi ọwọ́ lu itan. "Ó ní adití ni wá! Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, tí mò ń dá ọ lóhùn!"

Òótọ́ ni, ó ń dá a lóhùn. Ètè rẹ̀ ló ń kà, bí wọ́n ṣe ń ka ètè láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bàbá mi dìde dúró. N kò rí i kó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ̀yin ará Aláúsá, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ohun tí kò sí nílẹ̀, ẹ máa ń fọwọ́ sí i pé ó wà. Ṣé o mọ ẹni tó wà níbẹ̀ yẹn? Ìyá Kaothar ló wà níbẹ̀. O jẹ́ kí wọ́n gé e kúrò, o wá ń purọ́ fún mi nínú ilé mi."

Mo sáré jáde. "Bàbá, ó dún. Mo gbọ́ ọ láti inú ilé."

"Ta ló pè ọ́ síbí? Ṣé wọ́n ti bí ọ nígbà tí orin yẹn jáde? Kaothar, wọlé lọ!"

Bàbá Fọláyọ̀ mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà kò wá mọ́. Ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mo mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lójú bàbá mi: ẹni mẹ́ta ní kò sí, ẹnì kan ní ó wà, torí kò ka tèmi kún un. Ta ni kò ní gba ẹni mẹ́ta gbọ́? Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́ etí.

Mo fi ẹ̀tàn mú un dé ọsibítù. Mo ní wọ́n fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Nọ́ọ̀sì mú un jókòó sínú yàrá kékeré kan tó ní gíláàsì, ó fi nǹkan bò ó létí, ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá ti gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré tó, ẹ nawọ́ sókè." Ó kọ́kọ́ ń nawọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, kò gbé e mọ́. Nọ́ọ̀sì ń tẹ ẹ̀rọ lọ. Bàbá mi wò mí láti inú gíláàsì, ó mi ètè sí mi láì gbé ohùn jáde, bó ṣe máa ń bá Kàsúmù sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́: "Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Nọ́ọ̀sì ti ṣe é tán.

Dókítà ní ariwo ló fà á, ó ní ó ti pẹ́. Ẹ̀rọ wà tí wọ́n lè fi sí i létí kí ọ̀rọ̀ lè ta sí i dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tó ti kú kì í jí. Ohun kan ni bàbá mi bi í: "Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ńkọ́?" Dókítà ní, "Bàbá, irú ìró tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń lọ."

Mo lọ sí ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tó wà ní géètì sọ fún mi pé ẹlòmíràn ti rà á, pé àwọn tuntun kò mọ àwọn ti tẹ́lẹ̀ rí. Mo bú u. Mo mọ̀ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀, mo ṣì bú u. Mo bẹ Kàsúmù àti Olúfúnṣọ́ pé kí àwọn náà lọ yẹ etí wọn wò, wọ́n ní etí àwọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ṣì ń wá ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣì ń sọ pé ayédèrú ni mẹ́mọ̀rí náà, bàbá mi á jókòó sáàárín wọn, kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú bí mi sí i ju bó ṣe bí mi sí wọn lọ.

Nígbà tó ṣe, ó ní kí n sin òun lọ bẹ Bàbá Fọláyọ̀. Ó wọ jálàbíà funfun rẹ̀. Àdúgbò Ọ̀gbà, nítòsí Ìkẹjà, ni ilé ọkùnrin náà wà. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Gbénró, etí mi ni," bàbá mi wí lẹ́nu ọ̀nà. "O jàre. Má bínú."

"Mo ti mọ̀. Wọlé, jókòó."

Bàbá mi kò tíì jókòó dáadáa. "Ṣé wàá fi àwo yẹn sí i fún mi? Àwo gan-an. Lórí mẹ́mọ̀rí ni mi ò ti gbọ́ ọ. Bóyá lórí àwo..."

Bàbá Fọláyọ̀ wò mí. Ó lọ gbé àwo náà, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e sórí ẹ̀rọ, ó yí ohùn sókè dé òpin. Bàbá mi fa àga sún mọ́ sípíkà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ó di ojú rẹ̀. Orin ń lọ. Orí rẹ̀ ń mì sí ìlù. Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó ń fi ètè kọ ọ́ láì gbé ohùn jáde.

Búsàrí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ ohùn sílẹ̀. Àfi fìrì, wọ́n mú iná lọ. Àwo ń falẹ̀, ó dúró. Fáànù dúró. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Bàbá mi kò ṣí ojú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ẹnu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ kejì sókè, ó ń mì í wẹ́wẹ́wẹ́ bí ẹni tó di agolo mú, omi ń jáde lójú tó dì.

"Òun nìyí," ó wí. "Mo ń gbọ́ ọ, Gbénró. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìyí. O ò gé e."

Bàbá Fọláyọ̀ dúró lójú kan, ọwọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́. Mo rò ó pé yóò sọ fún un pé iná ti lọ, torí mo mọ irú ènìyàn tó jẹ́. Ó rìn wá, ó tẹ̀ ba, ó fi ẹnu sí bàbá mi létí.

"Èmi náà ń gbọ́ ọ," ó wí. "Ó ń dún dáadáa."

Ó di bàbá mi ní apá mú, ó rọra gbé e dìde, ó yí i kúrò níwájú ẹ̀rọ kó tó la ojú. Ó sìn wá jáde. Bàbá mi kò dákẹ́. Ó ní àwo yàtọ̀ pátápátá, ó ní òun ti mọ̀ pé lórí àwo ni.

A ti dé géètì nígbà tí wọ́n mú iná dé. Lẹ́yìn wa nínú pálọ̀, àwo náà kùn, ó yí, ó tẹ̀ síwájú láti ibi tó ti dúró. Búsàrí parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìlù dákẹ́, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì mú un. Ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde, ó bo gbogbo àdúgbò. Èmi àti Bàbá Fọláyọ̀ dúró. Bàbá mi ti ṣíwájú, ó ń bá ọ̀nà lọ, ó ń sọ bó ṣe dùn tó.