Ọ̀gá Èbúté

Ọdún kẹta rèé tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ti ń kọ́ nípa òwò ilẹ̀ òkèèrè ní yunifásítì, bí ẹrù ṣe ń kúrò nílé iṣẹ́, tó ń gba èbúté kọjá, títí dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Àwọn ẹbí ẹ̀ ò ní sùúrù àtigbọ́ gbogbo ìyẹn. Èbúté nìkan ni wọ́n gbọ́, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Èbúté.

Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì ló wá sọ orúkọ náà dìyà. Ẹ́ńjìnnì tó rà láti òkè òkun há sí èbúté, kò sì sí àárọ̀ tí kì í pè é.

"Ọ̀gá Èbúté, ẹ́ńjìnnì mi dà?"

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣàlàyé títí ẹnu ẹ̀ fẹ́ẹ̀ bó: àwòrán ọfà lásán ni wọ́n ń yà sójú pátákó fún àwọn ní kíláàsì, láti ọkọ̀ ojú omi dé ọkọ̀ akẹ́rù, òun ò tíì fojú kan kọ̀nténà rí.

"Olùkọ́ yín ńkọ́, ṣé ó ti gbẹ́rù jáde níbẹ̀ rí? Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, tọrùn ẹ̀ là ń kọ́kọ́ wò."

Ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó gba ọ́fíìsì olùkọ́ ẹ̀ lọ, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ mú àwọn dé èbúté, bó ṣe ọjọ́ kan péré, nítorí ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n ìyá òun ò jẹ́ kóun gbádùn mọ́.

Olùkọ́ dìde, ó ti ilẹ̀kùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Fíríìjì tèmi náà ti há síbẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì yẹn bá ti jáde, jọ̀ọ́, bá mi bi ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ, ta ló bá wọn gbé e jáde?"