Ewúro Inú Fíríìjì

Mi ò kábàámọ̀ ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí mo bá láńlọ́ọ̀dù mi sọ lórí igi ewúro yẹn. Àwọn kan ní mo ṣàfojúdi sí àgbàlagbà. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá ọjọ́ náà padà lónìí, tí wọ́n tún gbé mi dúró sí àgbàlá wa ní Okokomaiko, ohun tí mo sọ yẹn náà ni n ó tún sọ, bóyá kí n tilẹ̀ fi díẹ̀ kún un.

Àgbàlá ọ̀hún kò tóbi. Tí ẹnì kan bá sá aṣọ, ẹnì kejì á ní láti dúró kó gbẹ. Láńlọ́ọ̀dù ti da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀ láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, nítorí pé nígbà òjò, ẹrẹ̀ Okokomaiko máa ń gba bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni. Kọnkéré yẹn ni ògo rẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa rìn lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kó káwọ́ sẹ́yìn, kó máa wo ibi tó ti sán. Èmi náà fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kì í hù lórí kọnkéré, ẹ̀fọ́ ni mo sì fẹ́ jẹ.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì ni mo ní ní Ìyànà-Ìbà, nítòsí géètì yunifásítì. Kí n tó tilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀fọ́ tó bá kù lórí àtẹ àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ ti gba oòrùn àti èéfín mọ́tò láti àárọ̀. Wọ́n á wá wọ́n omi lé e lórí kó lè dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé. Mo rà á títí ó fi sú mi. Ni mo bá gbin tẹ̀tẹ̀ sínú rọ́bà ọ̀dà. Nígbà tó hù, mo gbin ṣọkọ sínú àpò ìrẹsì, mo gbin ata rodo sínú táyà, mo so tòmátò mọ́ irin fèrèsé. Àwọn ayálégbé bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Màmá Fọ́tòkọ́pì, ṣé ẹ fẹ́ sọ Lagos di oko ni?"

"Ẹ ṣáà ti kí mi kú iṣẹ́ oko," ni mo ń dá wọn lóhùn. "Ọjọ́ tí mo bá ń sè é, kí ẹnikẹ́ni má gbé abọ́ wá o."

Wọ́n ń gbé abọ́ wá, mo sì ń bù ú fún wọn.

Ọ̀rọ̀ ewúro yàtọ̀. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ìyá mi ní Ṣágámù ni mo ti mú un wá. Nígbà tí ìyá mi kú, àwọn ọmọ ìyá mi ọkùnrin fẹnu kò láàrin ara wọn, wọ́n ta ilé náà. Wọn ò bi mí. Wọ́n ní ilé ọkọ ni obìnrin ń ní, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé èmi àti ọkọ ti túká. Ọjọ́ tí ẹni tó rà á wá ń tú páànù orí ilé ni mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn. Mo gba ẹ̀yìnkùlé, mo gé ọ̀pá ewúro kan, mo fi aṣọ tútù wé e, mo gbé e lé itan mi nínú mọ́tò títí a fi dé Èkó. Àwọn jogún ilé, èmi jogún ọ̀pá ewúro. Mo búra nínú mọ́tò yẹn pé kò ní kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Rọ́bà ọ̀dà kò gbà á. Gbòǹgbò ewúro ń fẹ́ àyè. Mo wá rántí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ní ọjà Àlàbá: tí wọ́n bá ti tú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tán, wọ́n á gbé òkú rẹ̀ síta. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n máa gbé èyí tó wà níwájú ìsọ̀ òun lọ, ó ti ń dí òun lọ́nà. Ọlọ́mọlanke bá mi gbé e délé. Mo yọ ilẹ̀kùn rẹ̀, mo dá a dùbúlẹ̀, mo fi ìṣó àti òòlù lu ihò sí i nísàlẹ̀ kí omi má baà dúró kó jẹ gbòǹgbò. Mo da iyẹ̀pẹ̀ sí i, mo po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, èyí tí mo tọrọ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin adìyẹ nítòsí Ìbà Housing Estate. Ẹ̀yìn balùwẹ̀ ni mo gbé e sí, níbi tí kọnkéré ti sán díẹ̀, torí ibẹ̀ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í sá aṣọ sí.

Ewúro náà dàgbà bí ọmọ tó ń jẹun kánú. Ó ga dé fèrèsé. Nígbà ọyẹ́, tí tẹ̀tẹ̀ mi ń rọ, tí ata ń wọ́wé, òun dúdú minimini. Mo ń fọ́nnu kiri ilé: ìgbẹ́ adìyẹ ni, omi ìrẹsì ni, mo mọ̀ ọ́n tọ́jú ni. Obìnrin Ìgbò kan wà nínú ilé wa tí ọkọ rẹ̀ ń ta tẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá. Òun ló ń já a jù, ó ń fi í se ọbẹ̀ ìlú wọn.

"Mama, this your bitter leaf get power o," ló máa ń wí. "Ẹ ṣé gan-an."

Láńlọ́ọ̀dù wa, ọmọ bíbí Ọ̀jọ́ ni. Ilẹ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò náà kí wọ́n tó pín in, kí wọ́n tó tà nínú rẹ̀. Kò bá mi jà lórí tẹ̀tẹ̀ rí. Òun náà ti jẹ nínú ṣọkọ mi. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rìn dé ẹ̀yìn balùwẹ̀, ó dúró níwájú ewúro, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Kí ni eléyìí ń ṣe níbí?"

"Ewúro ni, Bàbá."

"Ṣé mi ò mọ ewúro ni? Mo ní kí ló ń ṣe lórí ilẹ̀ mi?"

Ó wá là á yé mi. Nígbà tí bàbá rẹ̀ ń fún àwọn àlejò nílẹ̀ dáko, ó máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbin àgbàdo, kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́, kí wọ́n gbin ẹ̀fọ́, ohun tí wọ́n máa kórè tí wọ́n máa jẹ tán. Àlejò kì í gbin igi. Igi ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tó gbin igi lónìí, ọmọ rẹ̀ ni yóò nàka sí i lọ́la pé ibí ni ilẹ̀ bàbá òun dé. Ewúro gan-an ni bàbá rẹ̀ fi pa ààlà oko.

"Ẹ̀fọ́ ni mo gbà ọ́ láyè," ló wí. "Mi ò gbà ọ́ láyè igi."

Mo mọ òfin yẹn. Wọ́n ní in ní Ṣágámù náà. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí mi.

"Bàbá, ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa. Inú fíríìjì ló wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ yín."

"Fíríìjì ńkọ́? Orí kí ló wà?"

"Orí kọnkéré."

"Kọnkéré ńkọ́?"

"Bàbá, èmi náà rèé lórí kọnkéré. Ṣé mo ti gbin ara mi nìyẹn?"

Àwọn tó ń fa omi nídìí kànga bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Láńlọ́ọ̀dù ní tó bá di Sátidé, kí òun má bá a níbẹ̀.

Obìnrin Ìgbò náà tẹ̀lé mi wọlé. "Mama, abeg, ẹ lọ bẹ Daddy. Na old man. Ẹ kúnlẹ̀ fún wọn, e go finish."

Mo fàáké kọ́rí. Kí ni mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ fún? Nílé tí wọ́n ti bí mi, wọ́n ní obìnrin ò nílẹ̀. Níbi tí mo ń gbé, wọ́n ní àlejò kì í gbin igi. Níbo wá ni kí n gbé e sí, ṣé orí mi ni? Ó dùn mí dé egungun. Mo sọ fún un pé ẹni tó bá fẹ́ gbé ewúro yẹn kúrò, kó múra àtigbé èmi náà.

Sátidé pé. Láńlọ́ọ̀dù mú lébìrà méjì wá. Mo ti jókòó sí etí fíríìjì kí wọ́n tó dé.

"Dìde níbẹ̀."

"Ẹ gbé wa pọ̀, Bàbá."

Àwọn lébìrà ń wo ara wọn. Gbogbo ilé ti jáde. Ibi tí mo jókòó sí ni èrò kan ti sọ sí mi lọ́kàn, mo sì rò pé ọgbọ́n ni. Mo dìde.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká ṣe é báyìí. Kí wọ́n gbé e. Tó bá gbéra nílẹ̀, gbogbo ilé ti rí i pé ẹrù ni, kì í ṣe igi orí ilẹ̀ yín. Ẹ ó jẹ́ kó máa wà níbẹ̀."

"Tí kò bá gbéra ńkọ́?"

"Á gbéra."

"Mo ní tí kò bá gbéra ńkọ́?"

"Kí wọ́n gé e nígbà náà."

Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi. Lébìrà méjèèjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n dì í mú. Apá kan gbéra, apá kejì kọ̀. Wọ́n tún ẹsẹ̀ wọn tò, wọ́n tún gbé e. Ó dún, kò kúrò. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀ ba, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wá wò ó."

Gbòǹgbò ni. Ó gba ihò tí mo fi ìṣó lù jáde, ó ti fẹ ihò náà lójú, ó nípọn ju àtàǹpàkò mi lọ, ó sì ti wọ inú ibi tí kọnkéré ti sán lọ. Abẹ́ ibẹ̀ ni omi balùwẹ̀ ń gbà kọjá. Gbogbo ìgbà tí mo ń fọ́nnu nínú ọyẹ́, ilẹ̀ láńlọ́ọ̀dù ló ń fún un lómi mu. Mo ti jẹ̀bi níwájú gbogbo ilé. Ó yẹ kójú tì mí. Ẹ má bínú, inú mi dùn. Ọ̀pá tí mo gbé lé itan wá láti Ṣágámù ti wá ilẹ̀ fún ara rẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni.

Láńlọ́ọ̀dù kò pariwo. "O ti rí i fúnra rẹ," ló wí.

"Mo rí i, Bàbá. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo gbìn ín síbẹ̀. Ilẹ̀ yín ló pè é."

Ó wo ojú mi, ó wo ilẹ̀. "Gé e," ló sọ fún lébìrà.

Mo gba àdá lọ́wọ́ lébìrà náà. Tí wọ́n bá máa gé igi ìyá mi, ọwọ́ mi ni yóò gé e. Wọ́n gbé apá kan fíríìjì sókè, mo kúnlẹ̀, mo gé gbòǹgbò náà. Omijé ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún. Nígbà tí mo dìde, mo ní kí wọ́n tún gbé e wò. Ó gbéra wẹ́rẹ́. Mo fa bulọ́ọ̀kù wá, mo ní kí wọ́n gbé e lé e lórí.

"Kí lo ń ṣe?" ni láńlọ́ọ̀dù bèèrè.

"Ẹ ní ká gé e, mo ti gé e. Ó ti di ẹrù. Ìgbàkígbà tó bá wù yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀."

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó," ni obìnrin Ìgbò náà wí. "She don cut am."

Láńlọ́ọ̀dù gbọn aṣọ rẹ̀, ó ní ewúro náà á kú fúnra rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó fẹ́ kú lóòótọ́. Gbogbo ewé rẹ̀ rọ, wọ́n gbẹ, wọ́n já. Mo gé àwọn ẹ̀ka rẹ̀ kúrú, mo ń bomi rin ín láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń bú u nígbà mìíràn. Mo ní kò gbọ́dọ̀ kú kí láńlọ́ọ̀dù máa fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó pẹ́, ewé tuntun rú lára rẹ̀. Mo hó yèè nínú àgbàlá, mi ò bìkítà ẹni tó gbọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, láńlọ́ọ̀dù pè mí sẹ́yìn balùwẹ̀. Níbi tí kọnkéré ti sán, ewúro kékeré kan ti yọrí. Gbòǹgbò tó kù sílẹ̀ ló hù.

"Wá fa igi rẹ tu."

"Èwo ni igi mi, Bàbá? Tèmi rèé lórí bulọ́ọ̀kù."

"Ṣé ìwọ kọ́ lo mú un wá ni?"

"Èmi ni mo mú un wá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi lófin pé àlejò kì í gbin igi. Ohun tó bá ti fìdí múlẹ̀, onílẹ̀ ló ni ín. Tiyín nìyẹn. Tí mo bá fa igi onílẹ̀ tu, ẹ ò ní sọ pé àfojúdi mi ti tún dé?"

Ó wo ewúro kékeré náà títí. Mo ń retí kó nawọ́ kó fà á tu. Kò fà á tu. Ó fọwọ́ mì í wò, ó rí i pé ó dì mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Tó bá jẹ́ tèmi," ló wí níkẹyìn, "kí ẹnikẹ́ni má já ewé rẹ̀ láìtọrọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Èmi ní tèmi."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ló to bulọ́ọ̀kù yí i ká kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu omi sí i tí òjò bá dá. Tí ayálégbé kan bá sún mọ́ ọn, á ti máa pariwo láti ojú fèrèsé. Èmi á dúró nídìí fíríìjì mi, n ó máa já ewé tèmi, n ó máa wò ó. Àwọn ọmọ ìyá mi ta ilẹ̀ tí igi yẹn wà, wọ́n rò pé ó parí. Ó ti rí ilẹ̀ mìíràn báyìí, onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣọ́ ọ. Kí n rí ẹni tí yóò tún lé e.