Píkọ́ọ̀pù Tí A Wẹ Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kó Tó Wọlé

Òórùn kan wà tó máa ń jáde bí omi tútù bá kan táyà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé. Kì í ṣe òórùn rọ́bà nìkan, kì í sì í ṣe ti eruku nìkan. Ó dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá lu ilẹ̀ gbígbẹ, tí ẹnì kan sì ń yan nǹkan nítòsí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wa píkọ́ọ̀pù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà wọ àgbàlá mi, òórùn yẹn sì ta sí mi nímú kí n tó sọ̀kalẹ̀. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí ọwọ́ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti padà sí Abà Ìdí-Orógbó, lọ́nà Lágelú, nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí kò ní iṣẹ́ ju kó da ewúrẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ẹnì kan ṣáá ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ilé ìwé kò rí mi pẹ́. Ìwé kẹrin ni mo kà dé tí mo fi bá oko lọ. Ṣùgbọ́n ẹ dé ọjà Ṣáṣá, kí ẹ béèrè ẹni tí tòmátì rẹ̀ kì í fọ́ sínú agbọ̀n, wọn á júwe ilé mi fún yín. Mo ti ra mọ́tò, mo ti tà, mo sì tún ti rà. Bí wọ́n bá tan mọ́tò àlòkù níwájú mi, mo máa ń fetí sí i bí ìyá ọmọ ṣe ń fetí sí ọmọ tó sùn, mo sì máa ń mọ ibi tó ń dùn ún. N kò kọ́ ọ níbì kankan. Ara píkọ́ọ̀pù kékeré kan tí bàbá mi rà ni mo ti rí gbogbo rẹ̀.

Agboolé wa nígbà náà, àwọn ilé onípáànù ni, wọ́n kọjú síra wọn bí àwọn àgbà tó jókòó ń sọ̀rọ̀ ìdílé, igi orógbó ńlá kan sì dúró sí àárín wọn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, èéfín á máa jáde láti ẹ̀yìnkùlé kọ̀ọ̀kan, adìẹ á máa jà lórí ẹ̀ka tí wọn á sùn sí, a ó sì máa gbọ́ odó lọ́tùn-ún àti lósì. Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ni àga tó wà lábẹ́ igi yẹn. Ajá pàápàá kì í sùn sí ìdí àga náà.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí tí ẹ ń pe gbogbo obìnrin ní àǹtí, ẹ gbọ́ bó ṣe rí láyé ọjọ́un. A kì í fi ọjọ́ orí ka ipò àwọn ìyàwó ilé. Ọjọ́ tí oníkálukú fi ẹsẹ̀ wọ agboolé la fi ń kà á. Ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni ìyálé, ẹni tó wọlé kẹ́yìn ni gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó. Ìyàwó ló ń jí ṣáájú àkùkọ. Ìyàwó ló ń gbálẹ̀, òun ló sì ń pọn omi tó ń kún àmù gbogbo ilé. Ọjọ́ tí ìyàwó mìíràn bá dé ni yóò tó gbé korobá sílẹ̀ fún un.

Ìyá mi ló wọlé kẹ́yìn, ìyàwó mìíràn kò sì dé mọ́. Àwọn àbúrò bàbá mi gbogbo lọ sí ìgboro, wọ́n gbéyàwó sọ́hùn-ún, wọn kò sì gbé ìkankan wá sábà. Ìyá mi bímọ, ó tún bí, ó tún bí, síbẹ̀ Ìyàwó náà ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń táàtàá náà ń pè é ní Ìyàwó.

Odò wa jìn, ó sì gba inú kòtò kan lọ. Ilẹ̀ pupa ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibẹ̀, ó sì máa ń yọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá, nítorí omi tó ń kán láti inú korobá ẹni tó ṣáájú. Àwa ọmọdé ń pọn tiwa, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọdé gbé dé lórí, ìdajì rẹ̀ ti dà sí ẹ̀wù. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ìyá mi ṣubú níbẹ̀ tòun ti ìkòkò. Ìkòkò fọ́, oyún inú rẹ̀ náà sì bàjẹ́. Wọn kò sọ fún wa. Ohun tí mo ṣáà rí ni pé ìyá mi dùbúlẹ̀ nínú yàrá, Ìyá Àgbà sì gbé àga rẹ̀ kúrò lábẹ́ igi wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ìyá mi tún ti lóyún. Àràárọ̀ tó bá gbé korobá, Ìyá Àgbà á fi ojú sìn ín títí igbó á fi gbé e mì. Kò sì sí ohun tó lè ṣe. Bó bá ní kí ìyálé gbé korobá nígbà tí Ìyàwó wà nílé, ilé máa dàrú, wọn á ní ó ń ṣègbè, ẹni tó fẹ́ gbà là gan-an ni wọn á sì fi ẹnu pa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí bàbá mi gbọ́ pé ọ̀gá ìjọba kan tó ti fẹ̀yìn tì ń ta píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ní Ajíbọ́dè. Bàbá mi ti kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́ onílọ́rì nígbà èwe rẹ̀, tòmátì rẹ̀ sì ń jẹrà ní etí títì bí ọkọ̀ kò bá dé. Ó mú mi dání. Mọ́tò kékeré kan ni, àwọ̀ rẹ̀ bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, ènìyàn méjì àti ààbọ̀ ni iwájú rẹ̀ gbà, èmi sì ni ààbọ̀. Bàbá mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbóòórùn ọ́ìlì, ó sì dùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀ tòun ti dàńṣíkí tuntun kó lè rí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá náà kò tíì dárúkọ owó. Ó ń béèrè irú iṣẹ́ tí mọ́tò náà yóò máa ṣe àti bóyá a ní òrùlé tí yóò máa sùn sí. Ó kìlọ̀ pé kì í fẹ́ kí wọ́n kánjú mọ́ ọn láàárọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó mí díẹ̀ kó tó gbéra. Ìyàwó rẹ̀, tíṣà ni obìnrin náà, fi etí ìró nu gíláàsì iwájú, ó sì fi etí ìró kan náà nu ojú ara rẹ̀. Wọ́n ní ká tẹríba, wọ́n gbàdúrà. Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì fa kọ́kọ́rọ́ lé bàbá mi lọ́wọ́, bàbá mi sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé lọ sílé ìwé lójoojúmọ́ kò lè mọ ohun tó jẹ́ láti jókòó síwájú mọ́tò bàbá ẹni lọ́jọ́ náà. Gbogbo abà tí a kọjá ni mo juwọ́ sí, títí kan àwọn tí a kò mọ̀ rí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà agboolé, àwọn ènìyàn ti gbọ́ fèrè wa, wọ́n ti jáde. Ìyá Àgbà dúró sí àárín ọ̀nà pẹ̀lú igbá omi.

Ó ní, “Àkànní, dúró ńbẹ̀ ná. Báwo ni wọ́n ṣe fà á fún ọ?”

Bàbá mi, tó fẹ́ràn kó máa fọ́nnu (ẹ má béèrè ibi tí mo ti rí tèmi), yọ orí jáde, ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀: bí wọ́n ṣe kìlọ̀ fún un, bí wọ́n ṣe gbàdúrà, bí obìnrin yẹn ṣe sunkún.

Ìyá Àgbà ní, “Bàbá rẹ̀ gbàdúrà fún un, ìyá rẹ̀ sunkún tẹ̀ lé e. Kí lo wá rò pé o gbé wálé?”

Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì bu omi sí táyà iwájú, bí a ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó tuntun kó tó wọlé ọkọ. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òórùn yẹn. Àwọn ìyàwó ilé bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sun ẹkún ìyàwó fún mọ́tò. Bàbá mi ló rẹ́rìn-ín jù. Ó tilẹ̀ sún mọ́tò síwájú kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà lè rí omi tirẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ti to agbọ̀n tòmátì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fẹ́ kó wọn lọ sí Ṣáṣá kí oòrùn tó mú. Ló bá rí gbogbo kẹ́ẹ̀gì, korobá àti dúrọ́ọ̀mù agboolé nítòsí mọ́tò. Ìyá Àgbà wà lórí àga. Bàbá mi ní mọ́tò ọjà lòun rà, òun kò ra mọ́tò omi. Ìyá Àgbà kò gbé ohùn sókè. Ó ní gbogbo ilé ló rí i nígbà tí a wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé.

“Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló ń pọn omi, Àkànní. Tó bá ti pọn ọ́n tán, kó máa lọ sí ọjà rẹ̀.”

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé agbọ̀n tòmátì sẹ́yìn mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò gbọ́. Ìyá mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, òṣùká ti wà lórí rẹ̀, korobá wà lọ́wọ́ rẹ̀, oyún sì ti yọ gan-an. Gbogbo wa ló mọ̀ pé bí mọ́tò yẹn bá fi lè jáde báyìí, ọ̀nà odò tún di ti ìyá mi nìyẹn.

Ìyá Ràfíù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni ìyálé gbogbo wọn. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, kò sì fẹ́ kí wọ́n da ètò ilé rú. Ó ní òun kò bá Ìyá jiyàn, ṣùgbọ́n irin ni irin ń jẹ́. “Ìyàwó wo ni kò lè kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ̀ láàárọ̀?”

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Àwọn kan ti ń mi orí pé òótọ́ ni. Bàbá mi náà rò pé òun ti borí, ló bá fi agbára ju agbọ̀n tó kẹ́yìn sókè. Sípíríǹgì ẹ̀yìn mọ́tò náà, tó ti gbó láti Ajíbọ́dè, dún kíìrì, ẹ̀yìn rẹ̀ sì rọra lọ sílẹ̀, ó lọ sílẹ̀, títí ìdí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ láàárín àwọn ìyálé rẹ̀. Ọjọ́ náà nìkan ni mo gbọ́ ọ.

Ó ní, “Ìyá Ràfíù, ẹ dákun, ẹ dá a lóhùn. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.”

Kí Ìyá Ràfíù tó ronú, ẹnu rẹ̀ ti ṣe ohun tó máa ń ṣe láràárọ̀. Ó ní, “O káàárọ̀, ìyàwó. O ó bá wa kalẹ́.” Ìgbà tí ẹ̀rín bú jáde láti gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló tó mọ ohun tó sọ. Ó gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe, òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi orógbó mú. Ìyálé kì í dá ìyàwó lóhùn tán kó tún ní kì í ṣe ìyàwó. Ó yíjú sí bàbá mi, ó ní, “Ọkọ mi, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. A fẹ́ rán ìyàwó wa lódò.”

Bàbá mi sọ tòmátì kalẹ̀. Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wo ìyá mi, tó ń tú òṣùká orí rẹ̀ bí ẹni tó ń tú gèlè lẹ́yìn òde.

Nígbà tí mọ́tò ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò bọ̀ tòun ti omi, táyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ìyá Ràfíù fúnra rẹ̀ ló ká ìró, tó sì tì í lẹ́yìn, tó ń sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti di ìṣe: omi lákọ̀ọ́kọ́, Ṣáṣá lẹ́yìn. Mọ́tò náà sì ni wọ́n ń pè ní Ìyàwó. Ìyá mi wá di Ìyá Làmídì, orúkọ mi ni wọ́n fi ń pè é. Ẹ ò rí i pé mo ti di pàtàkì láti kékeré.

Nígbà tí ìrọbí mú ìyá mi, iwájú mọ́tò ni wọ́n gbé e sí, wọ́n sì gbé Ìyá Àgbà tòun ti àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó jókòó síbẹ̀ bí ọba. Wọn kò tíì dé ilé ìwòsàn ní Ẹgbẹ́dá tí ọmọ fi dé. Ọmọbìnrin ni, ó ké, ó sì le. Abíọ́nà la sọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà máa ń sọ fún àlejò pé àwọn ìyàwó òun méjì ló jọ bí i.

Mọ́tò náà ti di irin tí wọ́n tà fún àwọn onírin. Ìyá Àgbà ti lọ, Ìyá Ràfíù ti lọ, bàbá mi náà ti sinmi. Abíọ́nà ní ilé tirẹ̀ ní Alákìá. Igbó ti bo ọ̀nà odò, kò sì sí ìyàwó tó ń pọn omi fún odindi agboolé mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Kànga ẹlẹ́rọ wà nílé mi, èmi ni mo gbẹ́ ẹ, ó sì jìn ju ti gbogbo àdúgbò lọ. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà tí wọn á gbà sọ ẹrù kúrò lórí ẹni tó rẹ̀, tí wọn á fi ẹ̀rín ṣe é kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wá.

Ẹni tó bu omi sí táyà mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá mi ni. Ó ti darúgbó, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Àwọn ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò, òun sì ń fi igbá yí mọ́tò po láti táyà dé táyà. Nígbà tó parí, ó bi mí ibi tí omi kò ti yọ ládùúgbò. Mo ní kànga àwọn ará òdìkejì ọ̀nà ti gbẹ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó gbé tòmátì kan ṣoṣo, mo pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì fọ́fọ́, mo sì tò wọ́n sẹ́yìn mọ́tò fún wọn. Ìyá mi gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìdí mọ́tò. Mo to kẹ́ẹ̀gì dé òkè, kò mì. Tòkunbọ̀ gidi ni mo rà, sípíríǹgì rẹ̀ le bí òkúta, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìgbéraga.

Ìyá mi mi orí.

Ó ní, “Ọmọ ìsinsìnyí ni. Kò tíì mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀.”