Ológbò Télọ̀ àti Oúnjẹ Gbígbẹ

Ẹ dákun, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ eléyìí! Télọ̀ kan ní ológbò tí inú rẹ̀ kì í gba nǹkan dúró. Ó ti bì sára aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan, ìyẹn sì búra pé bó bá tún ṣẹlẹ̀, òun á gbé aṣọ òun lọ sọ́dọ̀ télọ̀ mìíràn.

Ni télọ̀ bá fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Ó ń fọwọ́ tẹ oúnjẹ gbígbẹ wò bí aṣọ. "Eléyìí le jù. Àwọ̀ eléyìí á ṣí."

Ẹ̀rín pa ọlọ́jà. "Mọ́mì, èyí ni wọ́n ṣe fún inú ẹlẹgẹ́. Ẹ máa pò ó díẹ̀díẹ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Àbí ẹ máa ń fún un ní mílíìkì?"

"Mílíìkì kẹ̀! Ta ló máa dán irú ẹ̀ wò?"

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

"Olówó orí mi, ikọ́ wo lẹ ń wú yẹn?"

"Ó máa ń wò mí lójú ni, ìyàwó mi. Àánú ẹ̀ ló ṣe mí."

Ológbò ò bì mọ́, aṣọ ìgbéyàwó sì dé ọwọ́ ẹni tó ni ín láìlábàwọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí mílíìkì nílé télọ̀ mọ́. Bẹ́ ẹ bá rò pé mò ń parọ́, ẹ yà síbẹ̀ láàárọ̀: ẹ ó rí ọkọ àti ológbò tí wọ́n jọ fajú ro níwájú ife tíì dúdú.