Lẹ́tà Tí Ọkọ Mi Bá l'Ábùjá

Ìràwọ̀ ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí a kúrò ní Iléṣà, èmi, ọkọ mi àti Múfú tó ń wa ọkọ̀ fún wa. Ọdún kẹjọ rèé tí ọkọ mi ti ń ṣojú agbègbè wa nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ó wá fẹ́ lọ sílé aṣòfin àgbà. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ díje wá sí Ábùjá kí àwọn yẹ̀ wọ́n wò. Tíṣà ni mí, ìsinmi ló sì bọ́ sí, ni mo bá tẹ̀ lé e. N kò dé Ábùjá rí.

Ọ̀nà dára títí a fi kọjá Ọ̀wọ̀. Láti ibẹ̀ dé Òkéènè, bí Múfú ṣe ń yà fún kòtò kan ló ń kó sínú òmíràn. Ìbàdí ń ro mí. Ní Lọ́kọ́ja, a jẹ iyán àti ẹja tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nínú odò Ọya, ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà ni abọ́ kan. Ẹja náà dùn, àmọ́ wọn kò fi irú sí ọbẹ̀ bíi tiwa. Ọkọ mi kò jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. Fóònù ló ń wò.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Táyọ̀, ọmọ ìlú wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, la dé sí ní Dutse Alhaji l'Ábùjá. Àwọn ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Láàárọ̀, mo kí mẹ́gáàdì wọn, ó ní, "Sànnu, Hajiya." Bí àwọn Hausa ṣe ń kíni nìyẹn, Alhaja ló sì pè mí. Èmi ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì! Mo rẹ́rìn-ín. N kò tún rẹ́rìn-ín mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Títì Ábùjá fẹ̀, ó sì mọ́. Ní Iléṣà, tí o bá kọjá níwájú ilé ẹnì kan láì kí i, yóò bi ọ́ bóyá ara rẹ ò yá. Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, a pọ̀ lọ jàra lórí àga oníke, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ wojú ẹnì kejì. Ọjọ́ méjì gbáko la fi jókòó bẹ́ẹ̀, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Agbádá tí mo lọ̀ fún ọkọ mi ti rún.

Lọ́jọ́ kẹta, àgbà ẹgbẹ́ kan tí ọkọ mi ń pè ní Baba, tí ọkọ mi ti ń sìn láti ìgbà tí irun orí bàbá náà ṣì dúdú, ní kí a wọlé. Kò fi àga lọ̀ wá. Ó ti ìwé kan síwájú ọkọ mi.

"Wálé, a ti fẹnu kò sórí ẹlòmíràn. Fọwọ́ sí i pé o ti yọwọ́. A ò ní gbàgbé rẹ."

Ọkọ mi kà á, ó sì gbé e fún mi. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ló jókòó kọ ọ́. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sórí rẹ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tí a kúrò nílé.

"Baba, ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó ní kí n máa bọ̀?"

Baba ń nu awò ojú rẹ̀. "Bí òṣèlú ṣe rí nìyẹn, ọmọ mi."

"Ẹ má fọwọ́ sí i, Baba Bọ́lá," ni mo wí fún ọkọ mi.

"Ìyá Bọ́lá, tí n ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ṣì yọ orúkọ mi náà ni."

Ó mú bírò, ó fa ìlà sórí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀, ó kọ ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá fọwọ́ sí i.

"Òní ni mo yọwọ́, Baba. Lọ́jọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀, mo ṣì gbà yín gbọ́."

Inú bí mi débi pé n kò bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ kejì. Níbẹ̀ ló ti sùn lọ nínú ọkọ̀, tó gbé orí lé èjìká mi. N kò lè jí i.

Nígbà tí a délé nírọ̀lẹ́, àwọn èèyàn ti kún iwájú ilé, wọ́n ń kọrin. Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Mo ti yọwọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má bá ẹnikẹ́ni jà nítorí mi." Orin dákẹ́. Bàbá Télọ̀, tó ti ń tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣí fìlà tí wọ́n kọ orúkọ ọkọ mi sí, ó ká a sápò. Wọ́n ń lọ ní méjì méjì.

Fún ọdún mẹ́jọ, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí wọ́n á ti máa kanlẹ̀kùn wa: ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ ò yá. Gbogbo ìgbà ni mo ń ráhùn. Lọ́jọ́ kejì tí a dé, ọkọ mi sùn títí oòrùn fi kan àtàrí. Èmi jókòó sí pálọ̀, mo ń tẹ́tí. Ìrìn àjò yẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ariwo tí mò ń ráhùn sí ni mo fi ń mọ̀ pé a ní èèyàn. Kò sẹ́ni tó kanlẹ̀kùn.