Ojú Kámẹ́rà fún Yàrá Bàbá Chakirou

Ní ọdún 2005, nígbà tí ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé Abidjan ń di ẹrù wọn padà sílé nítorí pé ìlú kò fara rọ, Bàbá Chakirou, àgbà oníṣòwò aṣọ ní Treichville, kéde pé òun yóò kúrò lọ́jọ́ Àìkú. Èyí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tó ya agboolé lẹ́nu ni pé ọkùnrin tí kì í gbà kí a ya òun ní fọ́tò gbà pé kí wọ́n ya òun pẹ̀lú gbogbo ìdílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nínú yàrá ìgbàlejò tí òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní Koumassi.

“Ẹ̀ẹ̀kan péré ni,” ló wí. “Bó bá ti dún, mo ti dìde.”

Orí Mùkàrámà ni iṣẹ́ náà já lé. Ọmọbìnrin àbúrò Bàbá ni. Ayafọ́tò ni bàbá tó bí i, nígbà tí ìyẹn sì ṣaláìsí, Bàbá Chakirou ló tọ́ ọ dàgbà. Kámẹ́rà numérique tí kò lo fíìmù ló ń lò ní tirẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan péré” yẹn ló ń bà á lẹ́rù.

Ìdí wà fún ẹ̀rù rẹ̀. Ojú kámẹ́rà méjì, ìyẹn dígí tí a ń dè mọ́ ẹnu rẹ̀, ló ní: ọ̀kan fún ohun tó wà nítòsí, ọ̀kan fún ohun tó jìnnà. Níbi ìsọmọlórúkọ kan, bó ti ń tú ọ̀kan kúrò kó lè de èkejì mọ́ ọn ni ìyá ìyá ọmọ gbé ọmọ náà sókè tó sì bú sẹ́rìn-ín. Kí ó tó dè é tán, ẹ̀rín ti parí. Títí di òní, wọn a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó wá pinnu pé ojú kan ṣoṣo ni òun yóò máa lò, èyí tó lè mú ìtòsí àti òkèèrè, tí òun yóò máa gbé rìn káàkiri, tí òun kò ní tú kúrò lẹ́nu kámẹ́rà mọ́.

Ó gba Adjamé lọ, sọ́dọ̀ Oumarou, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sínú ọjà náà, tó ń ta àlòkù kámẹ́rà. Oumarou gbé ojú kámẹ́rà méjì kalẹ̀ lórí aṣọ.

“Tantie, èyí, dix-huit à soixante-dix. Èyí, vingt-huit à deux cents.”

Ohun tí àwọn nọ́ńbà náà, méjìdínlógún sí àádọ́rin àti méjìdínlọ́gbọ̀n sí igba, ń wí yé Mùkàrámà: bí nọ́ńbà bá ti kéré tó ni ojú náà ń gbòòrò tó, bó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti fa ohun tó jìnnà mọ́ra tó.

“Èwo ló dára jù?”

“Ẹ tún fẹ́ kí n bá yín yan ọkọ ni? Ẹ gbé e rìn, ẹ wò ó. Ojú méjì tó wà lọ́wọ́ yín di tèmi, ẹ mú ọ̀kan lọ. Ṣùgbọ́n bí ìrun Àsárì bá ti kọjá lọ́la, wallahi, mi ò gbà á padà.”

Mùkàrámà ro ó lọ, ó rò ó bọ̀. Vingt-huit ni bàbá rẹ̀ lò ní gbogbo ayé rẹ̀, ó sì ń gbé odindi yàrá mì. Kí ni ó kù tí òun tún fẹ́ fi dix-huit ṣe? Ó mú èyí tó ń lọ jìnnà.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sí Plateau, ní èbúté tí ọkọ̀ ojú omi ti ń já àwọn òṣìṣẹ́. Ó fi fa ọkùnrin kan mọ́ra láti òdìkejì omi, ó sì rí tẹ̀súbáà ọwọ́ rẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Inú rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ìdùnnú náà kò pẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe omi, yàrá ni. Ó wọ wôrô-wôrô, takisí èrò, tó ń lọ sí Koumassi, ó gbá báàgì mọ́ àyà bí ìyá ìkókó, gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì ló ń fún un mọ́ra sí i.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀. Lórí ẹní ní ẹnu ọ̀nà, Fatoumata, ìyàwó Mìkáílù àkọ́bí Bàbá, ń ṣa ìrẹsì. Ọmọ Dyula, ẹ̀yà ilẹ̀ ibẹ̀, ni, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ìwà ìyàwó ilé Yorùbá débi pé kò jẹ́ pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ.

“Eyínfúnjowó, ẹ káàbọ̀ o.”

Mùkàrámà kúnlẹ̀ kí Bàbá. Lórí ìkúnlẹ̀ náà ló ti gbé kámẹ́rà sójú. Ó rí Bàbá. Kò rí Fatoumata. Ó fi orúnkún rá sẹ́yìn. Kò rí i síbẹ̀. Ó ń rá lọ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan kọ́bọ́ọ̀dù. “Ọwọ́ àti àwo ìrẹsì nìkan ló wọlé,” ló wí jáde.

Bí a bá ń ya agboolé ní fọ́tò, àárín ni àwọn ọmọ bíbí ilé ń jókòó. Àwọn ìyàwó a sì tò sí etí, ẹni tí a kà sí àlejò jù a sì wà ní ìkángun. Bí ojú kámẹ́rà yìí bá gé ẹnikẹ́ni, Fatoumata ni yóò gé.

“Mùkàrámà,” ni Bàbá wí, “ṣé kọ́bọ́ọ̀dù ni o wá kí?”

Fatoumata rẹ́rìn-ín. “Bàbá, ibi tí wọn yóò ti rí mi ni wọ́n ń wá. Ọkọ mi, ẹ má da ara yín láàmú, ẹ gé mi kúrò. Àwọn ará ilé wa ní àlejò ni mo fẹ́; nínú ilé yìí, èmi ni àlejò. Etí ti mọ́ mi lára.”

Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú ìrẹsì.

Bàbá kọjú sí Mùkàrámà. “Bí n bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n bi mí pé ta ló tọ́jú mi lẹ́yìn odi, ṣé ọwọ́ àti àwo ni n ó nà sí wọn?”

Mùkàrámà gbójú sókè sí fọ́tò wòlímọ̀ Mìkáílù lára ògiri. Inú yàrá yìí kan náà ni bàbá tó bí Mùkàrámà ti yà á, gbogbo ènìyàn sì pé síbẹ̀ àfi Bàbá. Ibẹ̀ ni àṣìṣe rẹ̀ ti hàn sí i. Fíìmù bàbá rẹ̀ fẹ̀. Pátákó tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà numérique rẹ̀ kéré sí fíìmù, ó sì ń gé etí ohun tí ojú bá gbé wá. Ojú baba ló fẹ́ fi sí agbárí ọmọ.

Ó sáré jáde. Sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ mú ọkọ̀ lórí afárá, orí afárá náà ló sì wà nígbà tí ìrun Àsárì wọlé. Nígbà tó dé Adjamé, Oumarou ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Orí aṣọ ṣófo.

“Oumarou, dix-huit náà dà?”

“Ẹnìkan ti gbé e lọ rìn. Ayafọ́tò bọ́ọ̀lù ni. Tantie, Àsárì sì ti kọjá.”

“Mo mọ̀. Yóò ha dá a padà bí?”

“Bó bá fẹ́ràn rẹ̀, kò ní dá a padà.”

Ó jókòó sórí àpótí. Gbogbo ọkùnrin tó bá gbé báàgì kọjá ló ń fi ojú tẹ̀ lé. Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí ayafọ́tò bọ́ọ̀lù náà dé, tó ń ráhùn pé ohun yìí kò dé ibi ilé góòlù. Mùkàrámà kò jẹ́ kó ráhùn tán kó tó na tirẹ̀ sí i. Oumarou mi orí. “Ọlọ́run ló gbà fún yín, kì í ṣe èmi.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí Bàbá tó wọlé, ó to gbogbo ènìyàn, ó sì yà wọ́n wò. Fatoumata wọlé pátápátá, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mìíràn dé: ojú tó gbòòrò a máa mú kí ẹni tó wà létí fẹ̀. Ojú Fatoumata ti fẹ̀ bí ọsàn tí a tẹ̀. Ta ni Mùkàrámà tí yóò ṣí àgbà nípò? Nígbà tí Bàbá jókòó, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ohùn tín-ín-rín wí pé:

“Bàbá, ẹni tó bá wà létí yóò sanra nínú fọ́tò o.”

Bàbá wo Fatoumata ní ìkángun, ó wo Mìkáílù tó yọ ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tirẹ̀.

“Mìkáílù, ìwọ ti sanra tẹ́lẹ̀. Bọ́ sí etí. Fatoumata, wá jókòó níbí.”

“Bàbá! Èmi àkọ́bí?”

“Àkọ́bí ikùn. Dìde.”

Ilé wó fún ẹ̀rín. Fatoumata kúnlẹ̀ kó tó jókòó, ó ń fi etí gèlè nu ojú; Bàbá alára la ẹnu, ó rẹ́rìn-ín. Mùkàrámà kò tú ohunkóhun, kò de ohunkóhun. Ó tẹ̀ ẹ́.

“Ó ti dún,” ni Bàbá wí, ó sì dìde.

Mùkàrámà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹ̀yìn kámẹ́rà, níbi tí àwòrán ti ń hàn, kò lè wò ó.

“Ṣé gbogbo wa wà níbẹ̀?” ni Bàbá bèèrè.

Ó ṣí ọwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó rí ẹ̀rín Bàbá, ó rí Fatoumata lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú omijé àti eyín, ó sì rí Mìkáílù ní ìkángun, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

“Gbogbo wa ni, Bàbá.”

Ìgbà náà ló tó na kámẹ́rà sí Bàbá kí ó fojú ara rẹ̀ wò ó.